Ìyẹ́ Adìẹ Tí Ó Di Ẹja

   Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja tí à ń sè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹja tí à ń yan. Ẹja tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní egungun, kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì ní ìpẹ́. Ìyẹ́ adìẹ ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irun ìrù àgbọ̀nrín ni ikùn rẹ̀, òwú ni ó sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ ìwọ̀. Síbẹ̀, bí ó bá bọ́ sínú omi, ẹja gidi tí ó tóbi jù ú lọ púpọ̀púpọ̀ a máa sáré lé e, a sì máa la ẹnu gbé e.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè sọ pé ẹja mà gọ̀ o! Ẹ má tètè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó létí omi rí pẹ̀lú ìwọ̀ lọ́wọ́, láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, tí kò sì rí nǹkan kan mú délé, yóò jẹ́rìí mi pé ẹja gbọ́n. Bí ìyẹ́ bá lè tan ẹja jẹ, a jẹ́ pé ẹni tí ó so ìyẹ́ náà ti fara balẹ̀ kọ́ ìwà ẹja. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tú èèrà yóò rí ìfun rẹ̀. Ìtàn àwọn tí ó tú èèrà yìí, tí wọ́n sì rí ìfun rẹ̀, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Fífi ìyẹ́ pẹja kì í ṣe nǹkan àná. Ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, òǹkọ̀wé ará Róòmù kan tí ń jẹ́ Aelian kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Masidóníà máa ń wé òwú pupa mọ́ ìwọ̀, wọn a sì so ìyẹ́ àkùkọ méjì mọ́ ọn, kí ó lè jọ kòkòrò kan tí ń fò lójú omi odò wọn. Ẹja a rò pé kòkòrò ni, a gbé e, ìwọ̀ a sì kọ́ ọ lẹ́nu. Nítorí pé kòkòrò ni wọ́n ń fi irú ìwọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, eṣinṣin ni àwọn Òyìnbó ń pè é ní èdè wọn, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ títí di òní. Èmi náà yóò máa pè é ní eṣinṣin àtọwọ́dá.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ṣé kòkòrò nìkan ni ẹja ń jẹ? Ẹja kékeré lè fi kòkòrò yó. Bí ẹja bá dàgbà tán, tí ó gùn, tí ó sanra, ọ̀pọ̀ kòkòrò ni yóò jẹ kí ó tó mọ̀ pé òun jẹun. Nítorí náà ẹja ńlá a máa wá oúnjẹ tí ó ju kòkòrò lọ, oúnjẹ náà kò sì jìnnà sí i: ẹja kékeré ni. Bí a bá ń wá àgbà ẹja, ẹja kékeré ni ó yẹ kí a fi han án. Báyìí ni àwọn kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í so ìyẹ́ gígùn mọ́ ìwọ̀ gígùn, kí ó má jọ kòkòrò mọ́, kí ó jọ ẹja wẹ́ẹ́rẹ́. Streamer ni wọ́n ń pe irú èyí, nítorí pé ìyẹ́ rẹ̀ a máa fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú omi bí àsíá ti ń fẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Eṣinṣin ni orúkọ ìdílé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja ni àwòrán rẹ̀.

Ọmọ tí ó bá ní làákàyè yóò bi mí pé, ìyẹ́ kò wúwo, báwo ni wọ́n ṣe ń jù ú dé àárín odò? Ìbéèrè náà dára. Bí a bá so òjé mọ́ okùn, òjé ni yóò fa okùn lọ. Bí a bá so ìyẹ́ mọ́ ọn, kò ní lọ síbì kan. Ohun tí àwọn apẹja wọ̀nyí ṣe ni pé okùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n mú wúwo. Ọ̀pá ìpẹja wọn gùn, ó sì rọ̀. Apẹja a ju okùn náà sẹ́yìn, a dúró kí ó nà tán, a tún jù ú síwájú. Ọ̀pá a tẹ̀ bí ọrun, a sì ta okùn náà síwájú, okùn a máa tú bí ẹni tí ń tú ẹní, títí yóò fi nà gbọọrọ lójú omi. Ní ìparí okùn náà ni fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí, ẹnu fọ́nrán yìí ni wọ́n sì ń so eṣinṣin mọ́. Okùn ni ó ń gbé eṣinṣin lọ. Eṣinṣin kò gbé okùn. Ẹni tí ó bá fi agbára ṣe é, okùn yóò wé mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀sọ̀ ṣe é, yóò dé ibi tí ó ń lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sí ìpínlẹ̀ Maine, ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, níbi tí ó ti bá Kánádà pààlà. Ilẹ̀ igbó ni, adágún omi sì pọ̀ níbẹ̀ bí àwo nínú ilé ọlọ́jà. Láàárín adágún ńlá méjì níbẹ̀, Mooselookmeguntic àti Richardson, ni wọ́n sé omi sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní Upper Dam. Omi a máa tú jáde láti abẹ́ ìsédò yìí pẹ̀lú ariwo àti ìfófòó, ẹja ńláńlá a sì máa kó ara wọn jọ síbẹ̀. Ilé díẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Nínú ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Carrie Stevens ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Wallace.

Ọdún 1882 ni wọ́n bí obìnrin yìí. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni láti máa mú àwọn àlejò lọ sí ibi tí ẹja wà lórí omi. Obìnrin náà ní tirẹ̀ mọ iṣẹ́ àkẹtẹ̀ obìnrin ṣe. Ní ayé ìgbà náà, àkẹtẹ̀ tí kò ní ìyẹ́ kò tíì pé. Nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ mọ ìyẹ́, ojú rẹ̀ sì mọ àwọ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kan, Charles Wheeler, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Shang, ni ó gbà á níyànjú pé kí ó dán eṣinṣin síso wò. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan fún un. Àwọn ẹlòmíràn a máa fi ẹ̀mú kékeré tí a dè mọ́ tábìlì di ìwọ̀ mú kí wọ́n tó so ìyẹ́ mọ́ ọn. Carrie Stevens kò lo ẹ̀mú. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń di ìwọ̀ mú, ìka ọwọ́ kejì ni ó sì fi ń wé òwú.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1924, ó ń ṣe iṣẹ́ ilé lọ́wọ́. Èrò kan sọ sí i lọ́kàn. Ẹja kékeré kan wà nínú omi wọn tí a ń pè ní smelt: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán bí fàdákà, àwọn ẹja ńlá ibẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ mìíràn lọ. Obìnrin náà ronú pé òun lè fi ìyẹ́ aláwọ̀ eérú ṣe irú rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀, ó jókòó, ó so ìyẹ́ náà mọ́ ìwọ̀. Nígbà tí ó parí rẹ̀, kò gbé e kọ́ ara ògiri kí àwọn ènìyàn máa yìn ín. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí omi ti ń tú jáde, ó sì jù ú sínú omi.

Ẹja trout kan gbé e. Ẹja náà kì í ṣe kékeré. Ó fà, obìnrin náà fà. Ẹja sá lọ, obìnrin náà tú okùn fún un. Ẹja rọ̀, obìnrin náà wé okùn padà. Wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan kí ó tó rí i mú. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, pọ́n-ùn 6 àti áúńsì 13 ni, èyí tí ó lé díẹ̀ ní kílógíráàmù 3. Gígùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì 25. Ó fi orúkọ ẹja náà ránṣẹ́ sí ìdíje tí ìwé ìròyìn Field & Stream ń ṣe lọ́dọọdún, ó sì gba ipò kejì.

Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn apẹja kà á nínú ìwé pé obìnrin kan ni ó mú irú ẹja bẹ́ẹ̀, pé eṣinṣin tí ó fi mú un, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi so ó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí i láti ọ̀nà jínjìn pé kí ó so irú rẹ̀ fún àwọn. Báyìí ni ó ṣe di oníṣòwò. Nǹkan bí 30 ọdún ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí, títí di ọdún 1953 tí ó ta òwò náà fún ẹlòmíràn. Ọdún 1970 ni ó kú. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìpínlẹ̀ Maine ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti fi bu ọlá fún un.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn eṣinṣin rẹ̀ ni ó pè ní Gray Ghost, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe Iwin Aláwọ̀ Eérú. Ẹ jẹ́ kí a tú u wò, nítorí pé kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí kò ní ìdí.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó wé òwú aláwọ̀ ọsàn mọ́ ọ̀pá ìwọ̀, ó sì wé tẹ́ẹ́rẹ́ fàdákà lé e lórí yíká. Fàdákà yìí ni yóò máa kọ mọ̀nà bí ìpẹ́ ẹja ti ń kọ mọ̀nà nígbà tí ẹja bá yí ẹ̀gbẹ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni ó so irun funfun láti ìrù àgbọ̀nrín mọ́, pẹ̀lú fọ́nrán ìyẹ́ ọ̀kín, ikùn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ó mú ìyẹ́ adìẹ mẹ́rin aláwọ̀ eérú, ó tò wọ́n méjì-méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Ìwọ̀nyí ni ẹ̀yìn àti ìhà ẹja. Ní èjìká, ó fi ìyẹ́ ẹyẹ pheasant aláwọ̀ fàdákà bo ibi tí etí ẹja máa ń wà. Ní ìparí, ó lẹ ìyẹ́ ọrùn àkùkọ igbó kan láti ilẹ̀ Íńdíà mọ́ ọn. Ìyẹ́ yìí ní àmì róbótó kan lára tí ń dán. Ojú ẹja nìyẹn. Ó wá fi òwú pupa kékeré kan dá orí eṣinṣin náà lámì, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i lè mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni.

Kí ni ó dé tí ikùn fi funfun tí ẹ̀yìn sì ṣókùnkùn? Lọ́la, bí ẹ bá lọ sí ọjà, ẹ wo ṣáwá nínú igbá ẹlẹ́ja. Ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú díẹ̀, ikùn rẹ̀ sì funfun báláú. Ẹlẹ́dàá kò ṣe bẹ́ẹ̀ lásán. Ẹyẹ tí ó bá wo ẹja láti òkè, omi dúdú ni yóò rí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn dúdú kò sì ní hàn nínú omi dúdú. Ẹja ńlá tí ó bá wò ó láti ìsàlẹ̀, ojú ọ̀run tí ó mọ́lẹ̀ ni yóò rí lókè. Ikùn funfun kò sì ní tètè hàn nínú ìmọ́lẹ̀. Ààbò ẹja kékeré ni àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ayédèrú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ náà sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹja tí ó ti rí ojúlówó lójoojúmọ́ yóò mọ̀ pé àlejò ni èyí.

Ojú náà ńkọ́? Ojú wà lára ohun tí ẹja ńlá fi ń mọ ibi tí orí oúnjẹ rẹ̀ wà. Ẹja tí ó bá fẹ́ gbé ẹja mì a máa fẹ́ gbé orí rẹ̀ kọ́kọ́ wọ ẹnu, kí lẹbẹ má baà há a lọ́fun. Nítorí náà, ojú tí ó hàn dáadáa lè fa ẹnu ẹja ńlá wá sí ibi tí ìwọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Bí ẹ bá mú Gray Ghost lọ́wọ́, tí ó gbẹ, ẹ kò ní sọ pé ẹja ni. Ìyẹ́ lásán ni ẹ ó pè é. Àwọn kan wà tí wọ́n fi igi gbẹ́ ẹja, tí wọ́n kùn ún lọ́dà, tí wọ́n ya ìpẹ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì jọ ẹja lójú ènìyàn ju Gray Ghost lọ. Ìyẹ́ kò jọ ẹja títí yóò fi bọ́ sínú omi. Bí ó bá ti tutù, yóò sún mọ́ra, yóò tẹ́ẹ́rẹ́. Bí omi bá fà á, yóò mì. Bí omi bá dẹ̀, yóò là díẹ̀, bí ẹni pé ó ń mí. Ẹja kì í ka iye ìpẹ́. Ìrìn ni ó ń wò. Ẹni tí ó ń ṣe eṣinṣin kò ṣe é fún ojú ẹni tí yóò rà á, ojú ẹja ni ó ń ṣe é fún. Ẹja sì ni adájọ́ tí a kò lè fún ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Àwọn mìíràn tí ó lókìkí nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀: wọ́n rí ìṣòro, wọ́n sì wo ẹja títí wọ́n fi rí ojútùú rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1937, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Don Gapen wà létí odò Nipigon ní ìpínlẹ̀ Ontario, ilẹ̀ Kánádà. Oúnjẹ àwọn trout ńlá odò náà ni ẹja kan tí a ń pè ní sculpin, ẹja olórí gbàràmù tí ń gbé abẹ́ òkúta nísàlẹ̀ omi. Eṣinṣin tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè jọ olórí ńlá. Gapen mú irun àgbọ̀nrín, ó so ó mọ́ ọrùn ìwọ̀ kí ó fọ́n ká, ó sì fi sáàsì gé e bí onígbàjámọ̀ ti ń gé irun, títí ó fi di orí gbàràmù. Ó pè é ní Muddler Minnow.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Lefty Kreh, ará ìpínlẹ̀ Maryland, ní ìṣòro mìíràn. Ẹja inú omi Chesapeake Bay ni ó ń pa. Bí ó bá so ìyẹ́ gígùn mọ́ iwájú ìwọ̀, ìyẹ́ náà a máa lọ́ mọ́ ìtẹ̀kọ́ ìwọ̀ nígbà tí ó bá ń jù ú, ẹja kì í sì í gbé ohun tí ó bá lọ́. Ó mú ìyẹ́ náà kúrò níwájú, ó so ó sí ìdí ọ̀pá ìwọ̀ lẹ́yìn, kí ó má lè rí ohun tí yóò lọ́ mọ́. Ó wá fi irun bo iwájú rẹ̀ yíká kí ara rẹ̀ lè rí bí ti ẹja. Ìṣòro náà tán. Wọ́n ń pe eṣinṣin náà ní Lefty's Deceiver, ìyẹn Atannijẹ Lefty. Ní ọdún 1991, ìjọba Amẹ́ríkà ya òun àti Muddler Minnow sára sítáǹpù lẹ́tà.

Ní àwọn ọdún 1980, ó kan Bob Clouser létí odò Susquehanna, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ó ń fẹ́ eṣinṣin tí yóò tètè rì, tí kò sì ní máa kọ́ òkúta ìsàlẹ̀ omi. Ó mú ojú òjé méjì tí ó so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ méjì lórí igi, ó dè é sórí ọ̀pá ìwọ̀. Òjé wúwo, ó yí ìwọ̀ dà, ẹnu ìwọ̀ wá ń wo òkè, òkúta kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí i mú mọ́. Àǹfààní kejì tún wà: bí apẹja bá fa okùn, eṣinṣin náà a ta sókè, bí ó bá dáwọ́ dúró, orí rẹ̀ a tẹ̀ sílẹ̀, a máa rì lọ, bí ẹja tí ara rẹ̀ kò dá. Irun tí ó wà lára rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé kò tíì parí.

Ẹ ti rí i báyìí pé ìdajì iṣẹ́ ni síso. Ìdajì yòókù wà lọ́wọ́ ẹni tí ń fa okùn. Ẹja ńlá kì í fi agbára rẹ̀ ṣòfò. Láàárín ẹja kékeré ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó farapa, tí ó ṣìnà, tí kò lè bá ẹgbẹ́ rìn, ni yóò lé. Nítorí náà apẹja a fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, a dáwọ́ dúró. A tún fà á díẹ̀, a tún dúró. Ìgbà tí ó bá dúró yẹn ni ẹja máa ń gbé e jù. Ohun kan tún wà tí àwọn ògbólógbòó apẹja máa ń tẹnu mọ́: ẹ má jẹ́ kí eṣinṣin yín máa lọ bá ẹja ńlá. Ta ni ó rí ewúrẹ́ rí tí ó ń sáré lọ pàdé ẹkùn? Bí ẹja kékeré bá ń bọ̀ tààrà lọ́dọ̀ ẹja ńlá, ẹ̀rù ni yóò ba ẹja ńlá, yóò sì sá. Ẹ ju okùn sí ibi tí eṣinṣin yóò fi dà bí ẹni pé ó ń sá lọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, mo fẹ́ padà sí Upper Dam kí n tó dákẹ́, nítorí pé ìtàn smelt kò tíì tán. Ẹja smelt tí Carrie Stevens fi ìyẹ́ ṣe kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ nínú àwọn adágún wọ̀nyẹn. Láyé àtijọ́, ẹja kékeré mìíràn ni ó wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní blueback, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù. Òun ni àwọn trout ibẹ̀ ń jẹ tí wọ́n fi ń tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí òkìkí wọn fi kàn. Bí ìgbà òtútù bá ń sún mọ́lé, blueback a máa wọ́ lọ sínú àwọn ìṣàn omi láti yé ẹyin, wọn a sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn a máa fi àwọ̀n kó wọn bí ẹni ń kó iyanrìn. Ta ni yóò rò pé irú wọn lè tán?

Ní àwọn ọdún 1870, wọ́n kó ẹja salmon wá sínú àwọn adágún náà, kí àwọn apẹja lè rí ẹja ńlá mìíràn pa. Ní àwọn ọdún 1890, wọ́n tún kó smelt wá, kí salmon lè rí oúnjẹ jẹ. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n salmon kò mọ̀ pé smelt nìkan ni wọ́n ní kí òun jẹ, smelt náà sì ń bá blueback du oúnjẹ. Nígbà tí ọ̀rúndún 20 fi bẹ̀rẹ̀, blueback ti ṣọ̀wọ́n. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí kò sí ọ̀kan mọ́ nínú àwọn adágún wọ̀nyẹn. Díẹ̀ nínú irú wọn ṣì wà nínú àwọn adágún mìíràn ní Maine, níbi tí ènìyàn kò pọ̀ sí.

Ẹ ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ká ní 50 ọdún ṣáájú ni Carrie Stevens jókòó síbẹ̀ láti so ìyẹ́, ẹja mìíràn ni ìyẹ́ rẹ̀ ì bá jọ. Àwọ̀ eérú tí ó yàn ní ọdún 1924, àwọ̀ ẹja tí ó wà nínú omi lọ́jọ́ náà ni. Obìnrin tí ń ṣe àkẹtẹ̀ wo inú omi, ó rí ẹni tí ń jẹ àti ẹni tí a ń jẹ, ó sì fi ìyẹ́ mẹ́rin sọ ohun tí ó rí. Àwọn tí ó kó ẹja wá kò wò tó bẹ́ẹ̀. Ẹja tí wọ́n fẹ́ pa ni wọ́n ń wò. Wọn kò wo ẹja kékeré tí ó bá a gbé inú omi kan náà. Ìyẹ́ tí kò jọ ẹja, a lè tú u, kí a tún un so. Ẹja tí ó bá ti tán nínú adágún kò ní òwú tí a lè fi so ó padà.

Bóyá ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi eṣinṣin àtọwọ́dá pẹja lóde òní fi máa ń fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ wọn pa, kí ó lè rọrùn láti yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ẹja, tí wọ́n sì ń dá ẹja náà padà sínú omi láàyè. Bí ẹja bá tán, ọgbọ́n tí a fi ń mú un di ìtàn lásán.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, iṣẹ́ kékeré kan ni mo fẹ́ fún yín. Bí ẹ bá tẹ̀ lé àgbà lọ sí etí odò tàbí etí ọ̀sà, ẹ má ṣe sọ òkúta sínú omi. Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ wo ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ tí ń rìn lẹ́bàá koríko. Ẹ wo bí gbogbo wọn ti ń yí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo èyí tí ó ń rìn lẹ́yìn. Ẹ bi ara yín pé, kí ni ó ń jẹ, kí ni ó sì ń jẹ ẹ́? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni obìnrin Upper Dam fi pa ẹja pọ́n-ùn 6 àti áúńsì 13, kí ó tó di pé ó mú ọ̀pá lọ́wọ́.